Cromarty: ohun tí mo rí, ohun tí mo gbọ́, ní abúlé etí òkun kan lókè Scotland

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London àti Manchester tẹ́ ẹ rò pé ibi tí pọ̀nmọ́ bá tán sí nílùú òyìnbó parí sí, ẹ jẹ́ n sọ fún yín nípa Black Isle lókè Scotland, ibi tí Cromarty wà. Orúkọ yẹn gan-an ń pa mí lẹ́rìn-ín. Kì í ṣe erékùṣù, ilẹ̀ ló yọ gọnbọ sínú òkun tómi wá yí i ká lápá mẹ́ta, àwọn dúdú ò sì pọ̀ níbẹ̀, ká má parọ́ fúnra wa. Nígbà tí mo pe ẹ̀gbọ́n mi n'Íbàdàn pé Black Isle ni wọ́n ti fún mi níṣẹ́, wọ́n ní "á á, a dúpẹ́ o, o ò ní dá wà nìyẹn." Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣì dákẹ́ àdúrà yẹn ná.

Iṣẹ́ kẹ́à ni mo ń ṣe, èyí tá a máa ń wa mọ́tò láti ilé arúgbó kan dé ìkejì, lo oògùn, jẹun, wẹ̀, ó dàárọ̀. Cromarty ni òpin ọ̀nà lójú títì tèmi, nítorí pé tó o bá kọjá ibẹ̀ inú òkun lo máa já sí. Èèyàn ibẹ̀ ò ju bíi 700 lọ. Òkè méjì ló dúró sí ẹnu ibi tí òkun ti ń wọlé, ọ̀kan lápá ibí, ọ̀kan lápá ọ̀hún, Sutors ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn àgbà ibẹ̀ sì máa ń pa á nítàn pé òmìrán méjì tó ń rán bàtà ni wọ́n, tí wọ́n máa ń ju irinṣẹ́ síra wọn lórí omi. Ẹni tó bá máa ń gbọ́ rédíò BBC á ti gbọ́ orúkọ Cromarty láì mọ̀ pé èèyàn ń gbé ibẹ̀, torí tí wọ́n bá ń ka ojú ọjọ́ fún àwọn tó wà lórí òkun, Cromarty wà lára orúkọ tí wọ́n máa ń pè lójoojúmọ́.

Láti Inverness, orí afárá Kessock lo máa gbà, ọdún 1982 ni wọ́n ṣí i, kó tó dìgbà yẹn ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń sọdá. Lẹ́yìn ìyẹn lo máa kan Munlochy, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí nǹkan. Igbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, gbogbo igi inú ẹ̀ ni wọ́n so nǹkan mọ́, àkísà, ìbọ̀sẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì, bàtà ọmọdé, mo rọra tẹ bíréèkì ni kí n lè wò ó dáadáa. Clootie Well ni wọ́n ń pè é. Orísun omi kan ló wà níbẹ̀, ẹni tára ẹ̀ ò bá yá tàbí tí èèyàn ẹ̀ ń ṣàìsàn á rẹ aṣọ sínú omi yẹn, á so ó mọ́gi, bí aṣọ náà bá ṣe ń jẹrà ni àìsàn náà á máa lọ, o ò sì gbọdọ̀ tú aṣọ ẹlòmíì torí àìsàn ẹ̀ á wá bá ẹ. Èmi tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé tí n bá rí ìrókò tí wọ́n ró láṣọ funfun kí n sáré kọjá kí n máa pe ẹ̀jẹ̀ Jésù! Mi ò bá wọn so nǹkan kan o, mo kàn jókòó sínú mọ́tò tí mò ń rẹ́rìn-ín. Látọjọ́ náà, ẹni tó bá ní àwa nìkan la máa ń bọ igi, fọ́tò ibẹ̀ wà lórí fóònù mi, màá fi hàn án ni.

Ohun tó kọ́kọ́ le fún mi lẹ́nu iṣẹ́ ni orúkọ. Màmá ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún lá ní kí n máa pe òun lórúkọ tí wọ́n sọ òun níjọ́ ìsọmọlórúkọ, gbangba báyìí, bí ẹni ń pe àbúrò ẹ̀. Ẹnu mi ò gbà á. Mo máa ń gbé e gba "Mama", màmá yẹn á ní "èmi ò bí ẹ o", màá ní "ẹ bí mi mà", bá a ṣe ń fà á nìyẹn títí ó fi di àwàdà láàárín wa. Ìgbà tó yá, tí ẹlòmíì bá wá dípò mi tó pè wọ́n lórúkọ, wọ́n á ní Mama lorúkọ àwọn. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣí ilẹ̀kùn gan-an fún mi kì í ṣe ìyẹn, fọ́tò ara ògiri ni. Ilé àwọn arúgbó ibẹ̀, fọ́tò dúdú àti funfun kì í wọ́n lára ògiri, èèyàn á sì máa wọlé máa jáde lọ́dún kan gbáko láì bi wọ́n pé ta nìyí. Mo bi Mama. Tíì yẹn tutù sọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó dákẹ́.

Ìyá ìyá wọn ló wà nínú fọ́tò yẹn, ó pọn apẹ̀rẹ̀ ńlá sẹ́yìn, wọ́n fi okùn gbà á láyà. Fishertown ni wọ́n ń pe àdúgbò wọn, ilé kéékèèké tí wọ́n kọ ògiri ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sí òkun kí atẹ́gùn má baà máa gba ojúlé wọlé, àárín ilé sí ilé sì há débi pé mọ́tò mi ò wọ ibẹ̀. Ọkùnrin ló ń lọ sójú omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n obìnrin ló ni iṣẹ́. Òwúrọ̀ kùtù ni wọ́n á ti máa ṣa mussel, ohun oníkarahun inú òkun, létí omi, wọ́n á là á, wọ́n á fi ẹran inú ẹ̀ sí ìwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀ yẹn sì lè tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan lórí okùn kan ṣoṣo, àfi kí ọwọ́ máa ṣẹ̀jẹ̀ nínú òtútù. Tí ọkọ̀ bá fẹ́ lọ, láwọn abúlé apẹja etí òkun yẹn, obìnrin ló ń pọn ọkọ ẹ̀ sẹ́yìn gba inú omi lọ sídìí ọkọ̀, kí ẹsẹ̀ ọkọ má baà tutù kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ kà á dáadáa, mo ní obìnrin ló ń pọn ọkùnrin. Tí ọkọ̀ bá dé, obìnrin náà ló tún ń gbé ẹja káàkiri oko, tó ń fi ṣe pààrọ̀ ẹyin àti ìyẹ̀fun lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Mo ní "Mama, àwọn alájàpá wa nìyí." Wọ́n ní kí ni ìyẹn, mo ṣàlàyé, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fáwọn.

Ẹja tí wọ́n ń pa jù nígbà tí ibẹ̀ ń gbóná ni herring, ṣawa wa gan-an, èyí tá a máa ń rà ní yíyan. Wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á dì í sínú àgbá igi. Lára àwọn àgbá ẹja Scotland, èyí tí ò fi bẹ́ẹ̀ dáa tó láti tà fún àwọn ará Yúróòpù, West Indies ni wọ́n ń kó o lọ kí wọ́n fi bọ́ àwọn ẹrú. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Àwọn apẹja yẹn lédè tiwọn tó yàtọ̀ sí ti àwọn ará òkè abúlé, nínú abúlé kan náà o, tí o lè fẹsẹ̀ rìn já láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀gbẹ́ni Bobby Hogg ni ẹni tí wọ́n mọ̀ kẹ́yìn tó gbọ́ ọ dọ́ba, ó kú lọ́dún 2012 lẹ́ni ọdún 92, èdè yẹn sì parí síbẹ̀. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ìyẹn, mo pe ìyàwó mi, mo ní láti òní lọ Yorùbá nìkan la óò máa bá àwọn ọmọ yìí sọ. Ó ní "kò burú, ìwọ lo máa máa bá wọn ṣe homework nìyẹn." Ọ̀rọ̀ náà ò tíì kọjá ibẹ̀ títí di báyìí.

Ọmọ ìlú wọn tó lókìkí jù ni Hugh Miller. Wọ́n bí i ní 1802 nínú ilé oníkoríko kan tó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, National Trust ibẹ̀ ló ń tọ́jú ẹ̀, ẹ lè wọlé lọ wò ó. Bàbá ẹ̀ ló ni ọkọ̀ ojú omi, ìjì sì gbé e lọ tọkọ̀ tọkọ̀ ní 1807, ọmọ ọdún márùn-ún ni Hugh. Ohun tóun fúnra ẹ̀ sọ nìyí nígbà tó dàgbà: lẹ́tà bàbá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Peterhead ni, ọkàn gbogbo ilé balẹ̀, ìyá ẹ̀ ní kó lọ ti ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn ṣí, ló bá rí ọwọ́ kan nínú afẹ́fẹ́, ọwọ́ nìkan, kò sí ara, omi ń kán tótó lára ẹ̀, ó nà sí i. Ó ké. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìròyìn dé. Nígbà tí bàbá kan tí mò ń tọ́jú sọ ìtàn yìí fún mi, ó ń retí kí n bẹ̀rù, mo ní "bàbá, irú ẹ̀ pọ̀ nílé wa", ló bá fa àga sún mọ́ mi, ó ní ó yá kí n sọ tèmi náà. Mo pẹ́ dé ilé tó kàn lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọ òrukàn yẹn ò fẹ́ràn ilé ìwé, ó lọ kọ́ṣẹ́ gbígbẹ́ òkúta. Ibi tó ti ń fọ́ òkúta ló ti ń rí egungun ẹja inú ẹ̀, ẹja tó ti wà láyé kí ẹnikẹ́ni tó wà, tí wọ́n sì ti di òkúta. Kò lọ yunifásítì kankan, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé ayé ń kọ̀wé sí i, wọ́n tiẹ̀ fi orúkọ ẹ̀ sọ ọ̀kan lára àwọn ẹja náà. Ó di oníwèé ìròyìn ní Edinburgh, ó sì gbẹ̀mí ara ẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 1856. Ère ẹ̀ wà lókè abúlé lórí òpó gíga. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ ka ère yẹn sí. Ẹ lọ sí itẹ́ òkú St Regulus, lábẹ́ àwọn igi, ẹ wá òkúta kékeré tó gbẹ́ sórí sàréè Eliza ọmọ ẹ̀ obìnrin tó kú láì tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ìyẹn ni òkúta tó gbẹ́ kẹ́yìn láyé ẹ̀. Mo fọwọ́ kan ibi tó gbẹ́ orúkọ sí, ó ṣì jinlẹ̀. Èmi náà bímọ, ẹ má jẹ́ n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ tí mo ní màá padà sí. Tẹ́ ẹ bá wọ Cromarty ẹ máa rí i pé àwọn ilé kan níbẹ̀ tóbi ju abúlé lọ. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Ross ló ra gbogbo ibẹ̀ ní 1772. Owó tó rí nídìí iṣẹ́ aṣojú ológun ní London ló kó bọ̀, ó kọ́ ilé ńlá fúnra ẹ̀, ó gbẹ́ ihò abẹ́ ilẹ̀ sí i kí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ lè máa gba ibẹ̀ wọlé kí àwọn ọlọ́lá má baà máa rí wọn. Ihò yẹn ṣì wà. Ó kọ́ ilé ẹjọ́, tó ti di mùsíọ́mù báyìí, ó ṣe èbúté, ó kọ́ ilé ọtí bíà, ó tún kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì fún àwọn elédè Gaelic, èdè àtijọ́ àwọn ará òkè Scotland, tó ń wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀, ìyẹn ti wó. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ló mú mi dúró, ilé pupa gbọọrọ kan lẹ́bàá èbúté. Hemp, ohun ọ̀gbìn tí wọ́n fi ń ṣe okùn, ni wọ́n ń kó wá láti Rọ́ṣíà, wọ́n á ran án, wọ́n á fi hun àpò. Àpò wo? Àpò tí wọ́n máa fi di ohun tí àwọn ẹrú bá gbìn ní West Indies. Ìyá àgbà kan létí òkun Scotland, tí kò rí dúdú rí, òun ló ń ran òwú àpò tí ẹnì kan tí wọ́n gbé ní Áfíríkà máa rù lórí. Àti ẹja àgbá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, òun ni oúnjẹ ẹni tó ru àpò náà.

Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ sì lọ fúnra wọn. Guyana, ní South America, ni wọ́n lọ jù, wọ́n ń ṣe alábòójútó oko, wọ́n ń ra ẹrú, ẹni tó bá ríṣe á padà wálé wá ra ilẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dúró létí omi Cromarty tẹ́ ẹ wo òdìkejì, ẹ máa rí òkè Fyrish, ìlú Alness wà nísàlẹ̀ ẹ̀, Tain wà lápá ọ̀tún lọ́ọ̀ọ́kán. Ó dáa, ẹ ṣí máàpù Guyana lórí fóònù yín, ẹ lọ sí apá Berbice. Ẹ máa rí Fyrish. Ẹ máa rí Alness. Ẹ máa rí Tain. Àwọn ọmọ ọmọ ẹrú wà lára àwọn tó ń gbé ibẹ̀ báyìí. Inú mọ́tò ni mo wà nígbà tí mo ṣe é, mò ń dúró kí aago ilé tó kàn pé, ara mi ò lélẹ̀ mọ́ títí mo fi ṣíwọ́. Mi ò ní kí n sọ pé Yorùbá ni gbogbo wọn o, orúkọ Akan, ti apá Ghana, pọ̀ nínú àwọn ẹrú ibẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n dá ẹrú sílẹ̀ wọ́n tún kó àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lójú òkun lọ síbẹ̀ láti lọ ṣiṣẹ́ oko, àwọn èèyàn wa wà nínú ìyẹn dájúdájú.

Lára àwọn ọmọ tí àwọn ọkùnrin yẹn bí fún obìnrin dúdú ní Guyana, wọ́n kó àwọn kan wálé wá kàwé. Àwọn ọmọ aláwọ̀ pupa yìí jókòó sí kíláàsì ní Cromarty, Tain àti Inverness ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó bá wá ń bi mí lónìí pé ìgbà wo la bẹ̀rẹ̀ sí í wá síbí, mo ti mọ ohun tí mo máa sọ fún un. Nígbà tí òfin 1833 wá dá ẹrú sílẹ̀, mílíọ̀nù 20 pọ́n-ùn ni ìjọba san, àwọn olówó ẹrú ni wọ́n sì san án fún, ẹrú ò gba kọ́bọ̀. Owó tí wọ́n yá láti fi san án, 2015 ni wọ́n tó san án tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń san owó orí níbí ṣáájú 2015, ẹ̀yin náà ti dá sí i nìyẹn, ẹ kú ìnáwó o.

Mo rò pé tí mo bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ojú máa le. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá onítàn ọwọ́ yẹn ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, ó ní "ilé tó wù ẹ́ yẹn, owó ẹ̀yin ni." Báyẹn ló ṣe sọ ọ́, ó wá ní kí n bá òun fi ṣúgà sí tíì. Ẹlòmíì wà tó ní àwọn bàbá òun tálákà ni, wọn ò lẹ́rú, apẹja ni wọ́n, òun náà ò parọ́. Mama dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n ní kò sẹ́ni tó kọ́ àwọn níléèwé. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kí n má fi ìbínú bẹ̀rẹ̀, kí n béèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ̀, torí ìtàn yẹn wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò sì ní fún ẹni tó bá wá bá wọn jà.

Òkúta gíga kan tún wà létí omi, orúkọ ọkọ̀ ni wọ́n gbẹ́ sí i lára. Àwọn ọkọ̀ tó kó èèyàn láti ibẹ̀ lọ sí Kánádà ní nǹkan bí 1830 sí 1850 nìyẹn, àwọn tí onílẹ̀ lé kúrò lóko bàbá wọn nítorí àgùntàn, nítorí àgùntàn ń mówó wọlé ju èèyàn lọ. Ohun tó ń dà mí láàmú nípa ibẹ̀ ni pé àwọn onílẹ̀ tó ń léni yìí, àwọn mìíràn nínú wọn, owó Guyana ló wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí wọ́n fi owó ẹrú lé kúrò nílé, ta ló máa bínú sí?

Ogun náà débẹ̀. Ní 30 December 1915 ọkọ̀ ogun HMS Natal bú gbàmù nínú omi wọn, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ tó wá ṣọdún nínú ẹ̀, èèyàn bíi 400 ló lọ. Ní báyìí irin ńláńlá tí wọ́n fi ń wa epo lójú òkun ló dúró sínú omi náà, tí wọ́n bá ń tún wọn ṣe tàbí tí iṣẹ́ ò bá sí, wọ́n á tan iná sí wọn lára lálẹ́. Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ lórí irú wọn rí mọ Port Harcourt jù mí lọ, ó ní nǹkan tóun fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni súyà, ó wá ń bi mí bóyá màá bá òun ṣe é. Mo ṣe é. Nọ́ọ̀sì ò gbọdọ̀ gbọ́.

Ẹ jẹ́ n fi ti ọdún tuntun kún un. Àwọn ará Scotland gbà pé ẹni àkọ́kọ́ tó bá wọlé lẹ́yìn aago méjìlá òru ọjọ́ ọdún ló ni ire ilé yẹn fún ọdún náà, ó dáa kó jẹ́ ọkùnrin, kó ga, kí irun ẹ̀ dúdú, kó mú èédú tàbí ọtí dání. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohun tá à ń pè ní ẹni ẹlẹ́sẹ̀ ire, ó ti yé yín. Mama gbọ́ pé èmi ni mo ní iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Mo parí iṣẹ́ tán, mo rò pé mò ń lọ sílé, ni wọ́n bá ń pè mí láti ojúlé dé ojúlé, èédú lọ́wọ́ ọ̀tún, èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò tíì sí ẹni tó dúdú báyìí tó ta ẹsẹ̀ wọ abúlé àwọn lọ́jọ́ ọdún. Ní ibòmíì ọ̀rọ̀ yẹn lè bí mi nínú. Níbẹ̀ yẹn ẹ̀rín ló pa mí, bísíkíìtì àti kéèkì tí mo kó délé tó ọ̀sẹ̀ kan.

Àwọn tó ń kọ̀wé sí mi pé ṣé kí àwọn gba iṣẹ́ irú ibẹ̀: tẹ́ ò bá mọ mọ́tò wà, ẹ má lọ, bọ́ọ̀sì wà ṣùgbọ́n kò pọ̀. December, aago mẹ́ta ààbọ̀ ilẹ̀ ti ń ṣú, June ẹ̀wẹ̀ aago mẹ́wàá alẹ́ ẹ ṣì máa rí ojú ara yín níta. Ẹ ra aṣọ òjò gidi, ẹ má ra ti pọ́n-ùn mẹ́wàá. Gàrí àti epo, ẹ máa kó o láti Aberdeen tàbí Glasgow. Ẹni tó bá kàn fẹ́ lọ wo ibẹ̀, tó sì fẹ́ fi ọkọ̀ kékeré tó ń gbé mọ́tò sọdá lọ sí Nigg, ìgbà ooru wọn nìkan ló máa ń ṣiṣẹ́, kó pè kó tó lọ kó lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, torí tí ìjì bá ń jà wọn kì í gbéra, orí afárá Kessock lẹ máa tún gbà padà sí Inverness.